Wọ́n Tàn, Wọ́n Tán

Ọ̀sán gangan ni Dókítà Àlàrí dé ìsọ̀ Ìyá Kàdírì lójú ọ̀nà Ìdíròkò, ní Àtàn-Ọ̀tà, ó gbé páálí kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n kun àkùkọ pupa kan sára ògiri ìsọ̀ náà, ó ga ju Dókítà fúnra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú tó ti fi ọdún mẹ́fà wo ohun tó kéré ju eruku lọ kì í tètè rí ohun tó bá tóbi. Dókítà kọjá lára àkùkọ, ó kọjá lára àwọn àpò oúnjẹ adìẹ, ó kọjá lára oògùn adìẹ, ó lọ dúró níwájú òkìtì èèpo ìrẹsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgò kan ló wà nínú páálí náà. Nínú ìgò ọ̀hún ni àwọn horo kírísítálì wà, nínú kẹ́míkà olómi díẹ̀ tó mọ́ gaara; ojú lásán ò lè rí wọn, ṣùgbọ́n bí Dókítà bá tan tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníbáǹkì fi ń mọ owó ayédèrú sí wọn, wọ́n á tàn yòò. Àbùkù wọn kò ju ẹyọ kan lọ: wọn kì í pẹ́. Omi ń pa wọ́n, ooru ń pa wọ́n, afẹ́fẹ́ ń pa wọ́n, ìmọ́lẹ̀ pàápàá ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wọn. Lọ́túnla, àwọn ará ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe gílóòbù ní Ṣàngó ń bọ̀ wá wò wọ́n ní yunifásítì. Bí wọ́n bá tàn, iṣẹ́ Dókítà dúró. Bí wọ́n bá kú, Ọ̀gá Ẹ̀ka ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé yàrá ìwádìí yẹn á di ti àwọn tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òwò. Ìgò kan ṣoṣo ló sì kù. Dókítà ti kà á níbì kan pé eérú èèpo ìrẹsì ní ohun kan nínú tó dà bíi gíláàsì, tí a lè fi wọ àwọn kírísítálì náà láṣọ. Ohun tó gbé e dé Àtàn nìyẹn.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin ni Ìyá Kàdírì?"

"Èmi ni. Mọ̀nsúrát ni bàbá mi sọ mí, àmọ́ Kàdírì ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ káàbọ̀."

"Èèpo ìrẹsì ni mo fẹ́ rà, mà. Dókítà Àlàrí ni mí, láti yunifásítì."

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Èyí tó gbẹ wà, èyí tí òjò pa díẹ̀ náà wà. Iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ló máa sọ èyí tí mo máa wọ̀n fún yín."

Dókítà ronú. Ó ti pẹ́ tó ti pinnu pé òun ò ní pe orúkọ àwọn kírísítálì náà mọ́ létí ẹni tí kò kàwé nípa wọn. Ìgbà tó pe orúkọ náà fún ìyá ìyàwó rẹ̀, màmá yẹn gbàdúrà fún un. Láti ọjọ́ náà, "àwọn kéékèèké" ló máa ń pè wọ́n, ó sì gbà pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

"Mo ní àwọn kéékèèké kan tí mò ń tọ́jú," ó wí. "Wọ́n ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èèpo yìí ni mo fẹ́ fi dáàbò bò wọ́n."

Ìyá Kàdírì gbé igbá ìwọ̀n sílẹ̀. "Wọ́n ń kú mọ́ yín lọ́wọ́? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ dókítà?"

"Ibi tí ẹ̀sín ọ̀rọ̀ náà wà gan-an nìyẹn, mà. Panápaná ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ kìíní wọn ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí?"

"Wọ́n máa ń dára. Wọ́n á tàn."

"Wọ́n á tàn kálẹ̀, àbí?"

"Wọ́n á tàn kálẹ̀ dáadáa. Tó bá wá tó bí ọjọ́ kẹta, wọ́n ti tán."

Ìyá Kàdírì mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ yìí rí. "Tí wọ́n bá ti tàn kálẹ̀, kò sí ewu. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sójú kan ni kí ẹ máa bẹ̀rù."

Ẹ̀rín músẹ́ ẹnu Dókítà dúró sójú kan. "Ta ló sọ fún yín pé wọ́n máa ń kó jọ?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Tí ara bá ti ni wọ́n, wọ́n á gun ara wọn lórí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á kú, èyí tó wà lókè á tẹ̀lé e. Òkìtì lẹ máa bá."

"Òkìtì," ni Dókítà wí, jẹ́ẹ́. Láti ọdún mélòó kan ló ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa fi ṣàlàyé ìyọnu yìí gan-an. Ó fa àpò kan sún mọ́ra, ó jókòó lé e. Lábẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n kọ OÚNJẸ ÒRÒMỌDÌẸ sára àpò náà gàdàgbà gadagba.

"Ìyá Kàdírì, ẹ jọ̀ọ́, omi ńkọ́?"

"Omi kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lára."

"Ooru?"

"Tó bá pọ̀ jù, á pa wọ́n."

"Ìmọ́lẹ̀?"

"Iná tó bá kéré jù, kò dáa. Èyí tó bá pọ̀ jù, òun náà ń pa wọ́n. Ẹ ní láti máa ṣọ́ ọ ni."

Dókítà pa ojú dé. Gbogbo ohun tó kọ sínú ìwé tó fi gba oyè ni obìnrin yìí ti sọ tán, kò sì tíì mí sí i. Ìtìjú mú un, inú rẹ̀ sì tún dùn, nítorí ó wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn á pàdé ọlọgbọ́n kan níbi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí. Ó ti ń rí i bí òun ṣe máa sọ ìtàn náà níbi àpéjọ.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," ó wí. "Mo máa ń fọ̀ wọ́n."

"Ẹ máa ń kí ni?"

"Mo máa ń fọ̀ wọ́n, mà. Lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ́."

Ìyá Kàdírì dìde. "Dókítà, kí ni wọ́n fi ṣe yín? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé òróró wà lára wọn ni? Òróró yẹn ni aṣọ wọn. Tí ẹ bá ti fọ òróró kúrò, ìhòòhò lẹ fi wọ́n sí."

Dókítà fa bíírò yọ, kò rí ìwé, ó sì kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́: òróró ni aṣọ wọn. Òótọ́ ni. Òróró tó bo àwọn kírísítálì náà ló ń jẹ́ kí wọ́n wà láàyè, gbogbo ìgbà tó bá sì fi kẹ́míkà fọ̀ wọ́n ni òróró ọ̀hún ń ṣí kúrò. Ọdún méjì ló gbà á kó tó fura sí i.

"Àwọ̀ ohun tó ń jáde lára wọn ńkọ́?" Ìyá Kàdírì bi í. Ó ti fa ojú ro.

"Aláwọ̀ ewé ni," ni Dókítà wí, ó sì na ọrùn. "Bí ewé tútù. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀tà."

"Lá ìláhà. Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá a."

"Ẹ fi ọdún mẹ́fà wá a."

"Pupa ni mo kọ́kọ́ gbájú mọ́. Pupa ló wá ṣòro jù. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti lọ."

"Pupa burú. Aláwọ̀ ewé burú, àmọ́ pupa ni kì í jẹ́ kéèyàn rójú sùn."

"Ẹ mọ̀ pé àwọn oní-pupa ló tètè ń kú?"

"Ta ni ò mọ̀? Ọmọ kékeré ní Àtàn yìí mọ̀."

Dókítà rántí ọkọ̀ òfúrufú tó wọ̀ lọ sílùú òyìnbó, rántí òtútù ibẹ̀, rántí búrẹ́dì gbígbẹ tó jẹ, tórí kó lè lọ kọ́ ohun tí ọmọ kékeré Àtàn mọ̀. Ó rọra rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà," ni Ìyá Kàdírì tún wí. Àánú rẹ̀ ti ń ṣe é. "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá yé?"

"Ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò. Wọn ò tíì yé. Wọn ò yé ọ̀gá mi, wọn ò yé ìyàwó mi, ká má tan ara wa, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yé èmi náà."

"Ẹ fi ìyàwó yín sílẹ̀, Dókítà. Ẹyin là ń sọ."

"Èmi?"

"Ẹyin."

"Mo gbọ́, mà. Èmi. Ẹ̀bi mi ni, mi ò jiyàn."

Ìyá Kàdírì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti rí oríṣiríṣi oníbàárà, àmọ́ kò tíì rí èyí tó gbà pé òun ni ẹyin rí. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó ní ìwé ló pọ̀ jù lágbárí.

"Ẹ máa ṣe sùúrù," ó wí. "Ẹni tó bá ní sùúrù ni wọ́n ń yé fún."

Omi lé ròrò sójú Dókítà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo lẹ́tà ìyìn tó ti gbà lọ, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣe, fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró lábẹ́ òrùlé páànù ìsọ̀ yẹn. Ó gbé páálí lé orí tábìlì.

"Ẹ bá mi ṣọ́ wọn, mà. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè fà wọ́n lé lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ pè."

"Inú páálí yìí ni wọ́n wà? Nínú ooru yìí?" Ìyá Kàdírì pòṣé. "Ẹ máa lọ, ẹ tètè dé. Èmi á mójú tó wọn."

Dókítà lọ dúró sétí títì, ó ń pariwo bo àwọn tírélà tó ń kọjá mọ́lẹ̀. "Ọ̀gá, mo ti rí amòye kan. Mo ní amòye. Ní Àtàn, sà. Rárá, wọn ò ka físíìsì. Ohun tí a fi ọdún mẹ́fà wá, ibi tí wọ́n ti ń wọn èèpo ìrẹsì ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Mo máa mú wọn wá lọ́túnla, sà, kí wọ́n bá àwọn ará Ṣàngó sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi múra àga kan sílẹ̀ níwájú."

Nígbà tó fi máa wọlé padà, Ìyá Kàdírì ń fi etí ìró nu ọwọ́.

"Ọ̀gá wa fẹ́ rí yín," ni Dókítà wí, ara rẹ̀ ò balẹ̀ fún ayọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n hàn yín wàyí. Ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rí wọn." Ó fa tọ́ọ̀ṣì yọ.

"Mo ti bá yín tọ́jú wọn. Mo ti fi omi gúlúkóòsì síbẹ̀ fún wọn."

Tọ́ọ̀ṣì dúró lójú òfúrufú. "Omi kí ni?"

"Gúlúkóòsì. Ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, omi la fi ń kí i. Mo tiẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú páálí kí n kà wọ́n, ọwọ́ mi ò ba ìkankan. Mo ní bóyá ẹ ti kó wọn pa mọ́ sínú ọkọ̀. Ìgò omi wọn nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ti fẹ́ gbẹ. Mo bá bu omi kún un, mo mì í dáadáa kó lè pò."

Dókítà gbé ìgò náà jáde. Ohun inú rẹ̀ tó mọ́ gaara láàárọ̀ ti funfun bí omi ògì. Ó gbé e sínú páálí kó lè ṣókùnkùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò rí nǹkan kan. Ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó tún tàn án, bí ẹni pé tọ́ọ̀ṣì ló jẹ̀bi.

"Kí lẹ ń wá nínú ìgò omi?" Ìyá Kàdírì bi í.

"Inú ẹ̀ ni wọ́n wà, mà."

"Àwọn wo?"

"Àwọn kéékèèké."

Ìyá Kàdírì gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi ojú kan wò ó, ó fi ojú kejì wò ó. "Dókítà," ó wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "adìẹ wo ló lè wọ inú ìgò yìí?"

"Adìẹ wo?"

"Adìẹ tí à ń sọ láti ìgbà tí ẹ ti dé."

Dókítà yí ojú padà. Àkùkọ ara ògiri náà ń wò ó, ó sì dà bíi pé ó ti ń wò ó tipẹ́. Ó rí àpò oúnjẹ. Ó rí oògùn. Ó tẹ orí ba, ó ka ohun tó wà lára àpò tó fi ṣe àga, ó sì kà á dé òpin kó tó gbé orí sókè.

"Pupa yẹn?" ó bi í.

"Tí wọ́n bá ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀."

"Aláwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ náà ni."

"Òróró?"

"Ti ara ìyẹ́ wọn."

"Ẹ ní wọ́n máa yé."

"Ẹyin, Dókítà. Ẹyin adìẹ."

"Mo rò pé èmi lẹ ń bá wí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Kàdírì, ó sì fi ọwọ́ bò ó kíá nígbà tó rí i pé Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Dókítà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rín in, ó rín in títí ó fi tún jókòó lórí àpò òròmọdìẹ, nítorí kò sí ibòmíràn tó lè jókòó sí.

"Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n, mà," ó wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Horo ìmọ́lẹ̀ kéékèèké. Pẹ́rófúskáìtì lorúkọ wọn. Èmi ni mo rò pé tí mo bá pè é, kò ní yé yín."

"Pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, wọn ò sì pẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wá ti fi gúlúkóòsì pa wọ́n." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ foríjì mí. Ọkàn mi mọ́ sí wọn."

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ló ti kú lọ́wọ́ mi láìmu gúlúkóòsì."

"Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé mi o. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bẹ̀rù omi, tó ń bẹ̀rù ooru, tó tún ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe?"

"Mo ti fi gba oyè dókítà," ni Dókítà wí. "Ohun tó kù láti fi ṣe ni mò ń wá."

Fóònù dún. Dókítà wo ojú rẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀ka ni. Lọ́tẹ̀ yìí, nẹ́tíwọ̀kì wá wọ abẹ́ páànù wẹ́rẹ́, bí ó ti máa ń ṣe lọ́jọ́ tí èèyàn ò bá fẹ́ ẹ.

"Ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìgò tó kù? Ó ti tán, sà. Rárá, ẹ má tíì kí mi kú oríire, kò tàn. Ó tán. Mo ní ó tán, Ọ̀gá. Kì í ṣe tàn olóhùn ìsàlẹ̀, tán olóhùn òkè ni. Òun gan-an. Amòye? Amòye wà níbí, sà." Ó wo Ìyá Kàdírì, ó wo àkùkọ. "Adìẹ ni wọ́n mọ̀, Ọ̀gá. Mo ní adìẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín, ti adìẹ ni."

Ó tẹ́tí sí ọ̀gá rẹ̀ títí tírélà méjì fi kọjá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ti yé mi, sà," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

"Wọ́n bínú?" Ìyá Kàdírì bi í.

"Wọn ò bínú rárá. Inú wọn dùn. Òwò tí wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá mi, adìẹ sísìn ni. Wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n ní àga tí mo ní kí wọ́n múra sílẹ̀ yẹn, kí ẹ wá jókòó lé e. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ni yàrá náà."

Ìyá Kàdírì ò mọ bó ṣe máa fi ayọ̀ hàn lójú ẹni tí ayọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú igbá ìwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèpo ìrẹsì sínú àpò fún Dókítà, èyí tó gbẹ jù, ó ń bù ú ju bó ti yẹ lọ.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó bi í. "Kí ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe?"

"Wọn ò dárúkọ mi, mà."

Ó di àpò náà lẹ́nu, ó gbé e lé Dókítà lọ́wọ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Dókítà," ó wí. "Ẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ ṣáà nílò ẹni tó máa máa tan iná fún wọn, ẹ̀yin lẹ sì kàwé nípa iná."